Ọkọ̀ ojú omi tí ẹ fọwọ́ ara yín kàn: ọ̀dà, fáíbà tàbí epoxy? Àti kẹ̀kẹ́ tí yóò gbé e

Ẹ̀yin ará ilé, òkun o, bí àwa ará Okun ní ìpínlẹ̀ Kogí ṣe ń kíra wa. Ẹni tó bá ti fi pílíwúùdù kan ọkọ̀ kékeré dé ibi tí iṣẹ́ káfíńtà parí mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni ìnáwó ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Igi ti dúró, ó ti jọ ọkọ̀, àwọn ọmọ àdúgbò ti ń gun inú rẹ̀ ṣeré, ṣùgbọ́n kò tíì lè fojú kan omi. Kí la ó fi bò ó: ọ̀dà, fáíbà (òwú dígí tí a fi résìn, gọ́ọ̀mù olómi tó ń le, rin), tàbí epoxy, résìn olómi méjì tí a ń pò pọ̀ kó tó le? Kẹ̀kẹ́ wo, ìyẹn férémù ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí mọ́tò ń fà, ni yóò gbé e láti Kàbà dé etí Odò Ọya ní Lọ́kọ́ja, tàbí láti Ìsánlú dé adágún tí wọ́n ń pè ní Omi ní Yàgbà? Ọkọ̀ méjì ni mo ti kàn. Èkíní jẹrà mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín ìgbà òjò mẹ́ta. Èkejì wà lẹ́yìn ilé mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, igi rẹ̀ kò sì tíì mu omi. Pákó tí mo fi kan méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ohun tí mo fi parí wọn ló yàtọ̀.

Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lórí ọ̀ràn yìí, àwọn tó ń gbé etí òkun ló fún wa. Iyọ̀ ni ọ̀tá wọn, inú omi sì ni ọkọ̀ wọn ń sùn. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Odò Ọya kò níyọ̀. Ọkọ̀ ẹni tó ń gbé Kàbà, Ìyàrà tàbí Mọ̀pà, bó bá wọ omi lẹ́ẹ̀mẹrin lóṣù, ó ti gbìyànjú. Ọjọ́ tó kù, orí kẹ̀kẹ́ ló wà lẹ́yìn ilé, oòrùn ń pa á, òjò ń pa á. Omi tó ń ba ọkọ̀ wa jẹ́ kì í ṣe omi odò rárá, omi òjò ni, èyí tó rọ̀ sínú rẹ̀ tí kò rọ́nà jáde. Igi a sì máa tètè jẹrà nínú omi òjò ju inú omi òkun lọ, nítorí iyọ̀ kì í jẹ́ kí olú tó ń jẹ igi ráyè gbèrú. Torí náà, ẹ má yan ohun tí ẹ ó fi parí ọkọ̀ yín nítorí ọjọ́ tó ń lo lórí odò. Ọjọ́ tó ń lo lórí ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi yàn án.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ìbéèrè márùn-ún ni mo ń bi ara mi. Níbo lọkọ̀ yóò máa sùn? Èló ni yóò jẹ́ bí a bá ṣírò rẹ̀ dé ọdún karùn-ún, kì í ṣe èló ni gálọ̀nù kan lọ́jà lónìí? Bó bá bàjẹ́ ní Lọ́kọ́ja lọ́jọ́ Àìkú, ta ni yóò tún un ṣe? Báwo ni yóò ṣe wúwo tó lẹ́yìn mọ́tò tí yóò fà á? Ṣé èmi fúnra mi lè ṣe é kó dára? Èyí àkọ́kọ́ ló jù nínú gbogbo wọn. Ẹni tó ní ọgbà tó fi páànù bò, ọ̀dà lásán lè tó o. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò máa sùn síta gbọ́dọ̀ ronú ju ìyẹn lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo pákó yín

Ohun tí wọ́n ń pè ní "marine board" lọ́jà wa, pákó tó dúdú tàbí tó pupa rúsúrúsú tí ojú rẹ̀ ń dán, pákó tí àwọn bíríkìlà fi ń da kọnkéré ni. Wọn ò ṣe é fún ọkọ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ gan-an ní ìlànà tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní BS 1088: gọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í yọ́ nínú omi, ihò kì í sì í sí láàárín àwọn ìpele rẹ̀. Ó wọ́n, kò sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Mi ò sọ pé pákó kọnkéré kò ṣeé lò. Òun ni mo fi kan èkejì. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tó ń dán yẹn kì í jẹ́ kí ohunkóhun lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ ní láti fi sáńpépà ha á títí igi gidi yóò fi hàn. Ibi tó bá ṣì ń dán, ibẹ̀ ni yóò ti bó.

Ẹ mú àjákù kan nínú èyí tó ṣẹ́ kù, ẹ sè é nínú ìkòkò fún wákàtí mẹ́rin, ẹ sá a gbẹ, kẹ́ ẹ tún un sè. Bí ìpele rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀ bí ìwé tó bọ́ sómi, ẹ má kó owó epoxy lé e lórí. Ẹ kùn ún lọ́dà, kẹ́ ẹ lò ó fún ìwọ̀nba ọdún tó bá fún yín, kẹ́ ẹ sì máa ṣètò fún òmíràn.

Ọ̀dà epo

Òun ló rọrùn jù, owó rẹ̀ ló sì kéré jù. Kò sí ìlú kan láti Ẹ̀gbẹ̀ dé Obajana tí ẹ kò ti ní rí i rà. Ẹ ó fi tínà là á díẹ̀ ní kíkùn àkọ́kọ́ kó lè wọ inú igi, ẹ ó kùn ún ní práímà, ẹ ó wá fi ọ̀dà gidi kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kí kíkùn kọ̀ọ̀kan gbẹ dáadáa kí òmíràn tó gun orí rẹ̀.

Àléébù rẹ̀ ni pé kò lágbára kankan tirẹ̀. Oòrùn wa a máa fa ojú pílíwúùdù ya, ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín tó ń tẹ̀ lé ojú igi. Ọ̀dà kò lè dì í mú, òun náà á ya, omi á sì gba ibẹ̀ wọlé. Ọdọọdún lẹ ó máa tún un kùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ ka ọ̀dà ọdún márùn-ún, sáńpépà ọdún márùn-ún àti òpin ọ̀sẹ̀ márùn-ún pọ̀, owó kékeré yẹn kì í kéré mọ́.

Síbẹ̀, ó ní ìwà rere kan tí mo bọ̀wọ̀ fún: kì í purọ́. Ibi tó bá ti bàjẹ́, ẹ ó rí i. Igi tó mu omi lábẹ́ rẹ̀ lè gbẹ padà, nítorí ọ̀dà kò dí i pa. Ẹ óò rí bí èyí ti ṣe pàtàkì tó bí a bá dé orí fáíbà.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ fi ọ̀dà títì, bítúmẹ̀nì, kùn ún lábẹ́. Ó ń dí omi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oòrùn ń yọ́ ọ, ó ń lẹ̀ mọ́ igi kẹ̀kẹ́, ó ń yọ gba inú ọ̀dà mìíràn tí ẹ bá kùn lé e, ọjọ́ tí ẹ bá sì rówó epoxy, epoxy ò ní lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ mọ́. Ó yẹ ọkọ̀ ẹja tó ń sùn sétí odò. Kò yẹ èyí tí yóò máa gun kẹ̀kẹ́.

Fáíbà tí àwọn oníbọ́ńpà ń lò

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn á kọ́kọ́ gbà yín níyànjú rẹ̀ nìyí: résìn polyester àti máàtì (òwú dígí tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ láìhun), èyí tí wọ́n fi ń tún bọ́ńpà mọ́tò ṣe, tí wọ́n fi ń ṣe àgbá omi. Ó wà nílẹ̀, àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ wà ní Lọ́kọ́ja, iye gálọ̀nù rẹ̀ kò tó ìdajì ti epoxy. Bí wọ́n bá parí rẹ̀ tán, ó le kọ́kọ́kọ́, ó ń dán, ẹ ó rò pé ìṣòro ti tán.

Òun ni mo fi bo ọkọ̀ mi àkọ́kọ́. Ní ìgbà òjò kejì, mo ń fọ abẹ́ rẹ̀, àtàǹpàkò mi rì sí ibì kan nítòsí ìdí ọkọ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Nǹkan ń sá kiri lábẹ́ awọ fáíbà náà bí omi inú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà. Mo fi ọ̀bẹ là á. Omi pupa tú jáde, ó ń rùn bí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ tí wọ́n gbàgbé. Mo di etí ibi tí mo là mú, mo fà á, ó sì ń ṣí lọ kúrò lára igi, ó fẹ̀ tó ẹní kékeré, láìjẹ́ pé mo lo agbára kankan. Igi abẹ́ rẹ̀ rọ̀ bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, nítorí oṣù méje ni mo fi kan ọkọ̀ yẹn.

Ẹni tó bá mi ṣe é kò ṣe iṣẹ́ burúkú. Ìwà résìn yẹn fúnra rẹ̀ ni. Polyester kì í wọ inú igi di í mú bí epoxy ṣe ń ṣe. Orí igi ló ń jókòó sí. Igi ń wú nígbà òjò, ó ń sún kì nígbà ọyẹ́, fáíbà kò bá a lọ, wọ́n á já ara wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìwọ̀nba omi tó bá gba ihò ìṣó kan wọlé kò rọ́nà jáde mọ́ láé. Ohun tí a fi dáàbò bo igi ló wá di ìkòkò tí igi ń rà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, fáíbà lórí fáíbà dára. Bí gbogbo ọkọ̀ yín bá jẹ́ fáíbà, tí igi jẹ́ fọ́ọ̀mù tí ẹ ó yọ kúrò, kò sí wàhálà. Ẹni tó bá sì ṣì fẹ́ fi bo igi, nítorí pé ọkọ̀ ọdún méjì ló ń wá, kó rí i pé igi gbẹ dáadáa. Ẹ̀mí tún wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: ẹ má ṣe da kátálíìsì àti kòbáltì, oògùn méjì tí a ń pò mọ́ résìn kó lè le, pọ̀ mọ́ ara wọn tààrà. Iná lè sọ, ó sì lè bú gbàmù. Ẹ po kòbáltì mọ́ résìn ná kó kárí, kí kátálíìsì tó wọ ibẹ̀.

Epoxy

Owó ló ń lé àwọn ènìyàn sá fún un, mo sì gbà pé ó wọ́n. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ dáadáa, nítorí iye gálọ̀nù máa ń tan ni. Ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 14 tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́, ara rẹ̀ lóde tó bíi mítà 9 níbùú lóròó. Máàtì oní 450 gíráàmù ni àwọn oníbọ́ńpà sábà ń lò, ìyẹn kílò 4 máàtì, ó sì máa ń mu résìn tó ju ìlọ́po méjì ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ, nǹkan bíi kílò 9 tàbí 10. Aṣọ fáíbà tí a hun, oní 200 gíráàmù, tó bá epoxy mu, kò tó kílò 2 fún ọkọ̀ náà; bíi kílò 5 epoxy ló sì máa gbà, tòun ti kíkùn méjì tí a fi ń bo ojú aṣọ náà. Ìdajì résìn, ìdajì ẹrù. Epoxy tí kílò rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì owó polyester, iye kan náà ni ẹ ó ná tán lórí ọkọ̀ kan náà. Bó bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta, ẹ ó fi bí ìdajì lé e, ẹ ó sì ní ọkọ̀ tó fi bíi kílò 7 fúyẹ́ jù.

Ohun tó ń bèèrè lọ́wọ́ yín ni ìfarabalẹ̀. Ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ kọ sára agolo ni kẹ́ ẹ po résìn àti áádínà rẹ̀ (èyí tó ń mú un le) sí, ìbáà jẹ́ méjì sí ọ̀kan tàbí márùn-ún sí ọ̀kan. Ẹ má ṣe fi áádínà kún un pé kó lè tètè gbẹ; kò ní tètè gbẹ, kò ní le láé ni. Ẹ má pò púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí nínú ooru wa, ife kíkún lè bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín lọ́wọ́ yín láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ dà á sínú àwo pẹrẹsẹ kó má gbóná jọ. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ kùn ún, bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀. Bó bá jẹ́ àárọ̀, igi ń gbóná lọ, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń wú, yóò sì máa ta ihò wínníwínní jáde sínú epoxy tí ẹ kùn. Lọ́jọ́ kejì, bí ẹ bá rí ohun kan lójú rẹ̀ tó ń yọ̀ bí ọ̀rá, omi àti ọṣẹ ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó fi sáńpépà kàn án.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ara ẹlòmíràn á gbà á lónìí, á gbà á lọ́la, á wá kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ìyún tí kì í lọ mọ́. Ẹ má sì fi tínà fọ̀ ọ́ kúrò lára, ṣe ni tínà ń tì í wọ inú awọ.

Oòrùn ni ọ̀tá epoxy. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ láìkùn ún lọ́dà, yóò pọ́n, yóò sì máa bó bí ìyẹ̀fun. Nítorí náà, ẹni tó bá yan epoxy yóò ṣì ra ọ̀dà, ẹ kà á mọ́ ìnáwó. Máàtì àwọn oníbọ́ńpà kò sì bá a mu, nítorí résìn polyester ni wọ́n ṣe gọ́ọ̀mù tó di òwú rẹ̀ pọ̀ fún. Aṣọ tí a hun ni kẹ́ ẹ béèrè.

Ọ̀nà àárín tí mo gbà

Owó mi kò tó láti fi epoxy àti aṣọ bo gbogbo ara ọkọ̀ kejì. Mo wá bi ara mi pé ibo ni omi ń gbà wọ igi gan-an. Kì í gba ojú pákó wọlé tó bó ṣe ń gba etí rẹ̀, níbi tí ìpele hàn. Etí yẹn ń mu omi bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Mo fi epoxy pa gbogbo etí pákó, mo kùn ún, ó fà á, mo tún kùn ún, mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí kò fi fa mọ́. Mo fi aṣọ bo gbogbo ojú ìpàdé pákó àti gbogbo ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ọ̀dà lásán ni. Ohun tí mo ná lé ìdajì iye àpapọ̀ díẹ̀.

Ibì kan ṣoṣo tí mi ò ti ṣọ́ owó ni pátákó ìdí ọkọ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì ń so rọ̀ sí. Mi ò lu ihò bọ́ọ̀tì ẹ́ńjìnnì kí n sì ti bọ́ọ̀tì bọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo lu ihò tó fẹ̀ tó ìlọ́po méjì bọ́ọ̀tì, mo po epoxy mọ́ lẹ́búlẹ́bú igi tó kúnná títí ó fi ki bí ọkà, mo fi dí ihò náà pátápátá. Nígbà tó le, mo wá lu ihò bọ́ọ̀tì gidi sáàárín rẹ̀. Bọ́ọ̀tì kò fara kan igi níbì kankan. Bí omi bá tilẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀tì wọlé, epoxy ló máa bá pàdé. Èyí kò gbà ju ife epoxy kan lọ, òun ni mo sì gbà pé ó dá ọkọ̀ yẹn sí. Kẹ́ ẹ tó gé pátákó náà, ẹ wọn ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì yín: ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú ń fẹ́ pátákó tó ga tó íǹṣì 15, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ń fẹ́ íǹṣì 20.

Nínú ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí ihò wà lábẹ́ gbogbo egungun ọkọ̀ kí omi lè ṣàn dé ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ sì lu ihò ìdí tó ní ìdérí síbi tó rẹlẹ̀ jù. Bó bá wà lórí ilẹ̀, ìdérí yẹn kì í wà nídìí rẹ̀, inú àpò mi ló ń gbé.

Kẹ̀kẹ́ tí yóò gbé e

Tírélà ni gbogbo ayé ń pè é, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa ọkọ̀ sìmẹ́ńtì la mọ̀ sí tírélà, nítorí náà kẹ̀kẹ́ ni mo pè é: férémù irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí mọ́tò ń fà.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti dáàbò bo irin rẹ̀. Èyí tí wẹ́dà yóò kọ́kọ́ dábàá ni páìpù onígun mẹ́rin tí a kùn ní rẹ́ẹ̀dì ọ́ksáìdì (ọ̀dà pupa tí wọ́n fi ń dènà ipáta) àti ọ̀dà. Ó rẹwà, ó sì pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n inú páìpù ni kẹ̀kẹ́ ti ń kú. Omi ń gba ibi tí wọn kò jó pọ̀ dáadáa wọlé, ipáta ń jẹ ẹ́ láti inú, ọ̀dà ìta ṣì ń dán títí ọjọ́ tí yóò fi ṣẹ́. Bí ẹ bá ti ní i, ẹ lu ihò síbi tó rẹlẹ̀ jù lára páìpù kọ̀ọ̀kan.

Èkejì ni kí gbogbo férémù rì sínú síǹkì yíyọ́, nínú agbada tó gbóná tó 450 lórí ìwọ̀n Celsius. Kò sí èyí tó dà bí rẹ̀, inú páìpù àti ìta ni síǹkì ń bò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wẹ́dà gbọ́dọ̀ ti parí, ihò gbọ́dọ̀ wà lára gbogbo páìpù kí afẹ́fẹ́ má baà bú u nínú agbada, férémù á sì rìn jìnnà kó tó dé ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Etí òkun ni ó ti yẹ gan-an. Fún omi tí kò níyọ̀, mo kà á sí àṣejù, àyàfi bí ẹ bá ti ń lọ síbẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn.

Ẹ̀kẹta ni mo yàn: irin tí inú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, irin áńgù tàbí irin ṣánẹ́ẹ̀lì olójú mẹ́ta, tí a kùn ní práímà tó kún fún síǹkì lórí irin tó mọ́ títí ó fi funfun, lẹ́yìn náà ọ̀dà. Gbogbo ara rẹ̀ ni ojú mi tó, gbogbo ara rẹ̀ ni búrọ́ọ̀ṣì mi dé. Práímà yìí kò ṣiṣẹ́ lórí ipáta tàbí lórí rẹ́ẹ̀dì ọ́ksáìdì. Irin lásán ni síǹkì gbọ́dọ̀ fara kàn. Àwọn kan ń jó páìpù omi onísíǹkì pọ̀ ṣe é. Iná wẹ́dì a máa jó síǹkì kúrò ní ojú ìpàdé, èéfín rẹ̀ a sì máa dá ibà sí ẹni tó fà á símú. Mílíìkì tí àwọn wẹ́dà ń mu kò ní kó má wọlé. Bó bá di dandan, ẹ fi fáìlì yọ síǹkì kúrò ní ojú ìjóná, kẹ́ ẹ sì dúró síbi tí atẹ́gùn yóò ti gbé èéfín lọ.

Ìdí táyà ni kẹ́ ẹ ti náwó. Mo lo ìdí ẹ̀yìn mọ́tò tòkunbọ̀, nítorí béárìn rẹ̀ wà ní ọjà àwọn onípáàtì níbi gbogbo, ọ̀rọ̀ tó sì ṣe pàtàkì ní ọ̀nà wa nìyẹn. Tuntun tí wọ́n ṣe fún kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ dára jù ú lọ, ó ní ojú ibi tí a ti ń fi gíríìsì sí i, ṣùgbọ́n bí béárìn rẹ̀ bá fọ́ lọ́nà, ẹ ó dúró de ẹni tí yóò mú un wá láti òkèèrè. Títì kọnkéré láti Obajana dé Kàbà, tó gùn ní 43 kìlómítà, rọrùn fún un, àmọ́ eré ibẹ̀ ń mú ìdí táyà gbóná. Bí ìdí táyà gbígbóná bá sì bọ́ sínú odò tútù lójijì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, á fa omi gba ojú sílì (rọ́bà tó dí ẹnu rẹ̀) wọlé, omi á wọ inú gíríìsì, béárìn á dípáta. Kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni yóò bàjẹ́, ojú ọ̀nà ibòmíràn ni, lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí i. Bí mo bá dé Lọ́kọ́ja, mo máa ń gbé ọwọ́ lé ìdí táyà méjèèjì. Bó bá ń jó mi lọ́wọ́, mo á wá nǹkan jẹ ná.

Igi gígùn méjì ni kí ìsàlẹ̀ pílíwúùdù jókòó lé, kì í ṣe rólà, nítorí rólà ń kó gbogbo ẹrù sójú kan. Ẹ má kan kápẹ́ẹ̀tì mọ́ igi yẹn. Ó ń di omi mú mọ́ abẹ́ ọkọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan. Páìpù PVC tí mo là sí méjì ni mo kàn lé tèmi, ó ń yọ̀, ó sì ń gbẹ. Ẹ ṣáà má tú okùn iwájú kẹ́ ẹ tó wọ omi. Ní ti ẹrù, iwájú kẹ̀kẹ́ tó ń jókòó lé ẹ̀yìn mọ́tò yẹ kó gbé nǹkan bí ìdá mẹ́wàá gbogbo ẹrù. Ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì àti kẹ̀kẹ́ mi jẹ́ bíi kílò 350, nítorí náà nǹkan bíi kílò 35, tó ju ààbọ̀ àpò sìmẹ́ńtì lọ, ni mo ń wá níwájú. Bó bá kéré jù, kẹ̀kẹ́ yóò máa ju ìdí kiri lórí eré.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀pá iwájú kẹ̀kẹ́ gùn. Odò Ọya ń wú, ó ń fà. Ẹni tó rí àdúgbò Ganaja ní Lọ́kọ́ja nígbà ìkún omi 2012 àti ti 2022 mọ ibi tí omi lè dé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ẹ̀wẹ̀, iyanrìn gígùn ni ẹ ó fi kẹ̀kẹ́ rìn kí ọkọ̀ tó léfòó. Lọ́kọ́ja náà ni olú iléeṣẹ́ NIWA wà, àwọn tó ń bójú tó ojú omi inú ilẹ̀ Nàìjíríà. Bí ẹ bá ti ń parí ọkọ̀, ẹ lọ béèrè ohun tí ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ yín gbà, kẹ́ ẹ sì ra jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó fún gbogbo ẹni tí yóò wọ̀ ọ́.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tó ní ilé tó lè ti ọkọ̀ bọ̀, tó sì fẹ́ràn kó máa fọwọ́ kan ọkọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún, kó mú ọ̀dà, ṣùgbọ́n kó fi epoxy pa etí pákó àti ihò bọ́ọ̀tì. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń sùn síta tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ọ̀nà àárín tí mo gbà ni tirẹ̀, pẹ̀lú férémù irin áńgù. Ẹni tó fẹ́ fi ọkọ̀ kó ènìyàn tàbí ẹrù oko kọjá odò, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò máa ha iyanrìn lójoojúmọ́, kó fi epoxy àti aṣọ bo gbogbo rẹ̀, kó sì fi aṣọ kún aṣọ lábẹ́. Àwọn ará Òwòrò àti Bùnú tó ń gbé etí odò gan-an, tí ọkọ̀ wọn kì í wọ títì, kò yẹ kí wọ́n kó owó sórí kẹ̀kẹ́ rárá. Igi róbótó mẹ́rin lábẹ́ ọkọ̀ tó wọn, kí owó yòókù lọ sí ẹ́ńjìnnì. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó fẹ́ da owó jọ ní ọkọ̀ kan, kí wọ́n ra ìdí kẹ̀kẹ́ tuntun, nítorí ọkọ̀ tí ọwọ́ púpọ̀ ń fà kì í rí ẹni fi gíríìsì sí i.

Ẹni tó ti fi fáíbà polyester bo igi tirẹ̀ kó tó ka èyí, ẹ mú owó ẹyọ kan, ẹ máa fi kan abẹ́ ọkọ̀ náà ní ọwọ́ kan ọwọ́ kan, láti iwájú dé ìdí. Ibi tó bá dún gan-gan ṣì dì mọ́ igi. Ibi tó bá dún gbù-gbù, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká. Ẹ là á nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, ẹ jẹ́ kí igi gbẹ fún oṣù kan, kẹ́ ẹ wá fi epoxy àti aṣọ dí ojú ibẹ̀ kí òjò àkọ́kọ́ tó dé.